Àpótí Tí A Jókòó Lé: Ọ̀rọ̀ Lórí Ohun Àlòkù Nínú Ilé Àtijọ́

Orúkọ kan ṣoṣo ni Yorùbá fún ohun méjì nínú ilé. Ohun tí ìyálé ń fà sún mọ́ ìdí ààrò láti fi jókòó, àpótí ni. Ohun tí à ń kó aṣọ sí, tí à ń fi àgádágodo tì, àpótí ni òun náà. Kì í ṣe pé èdè ló ṣàìtó. Nínú ọ̀pọ̀ ilé àwọn baba wa, ohun kan náà ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Ẹrù wà nínú rẹ̀, èèyàn wà lórí rẹ̀, ó sì tún wà lójú ibi tí àlejò ti lè rí i, kí ó mọ irú ilé tí òun wọ̀. Nítorí náà, bí a bá gbọ́ lónìí pé ohun ọ̀ṣọ́ tó tún lè gba ẹrù ni àwọn onílé ní òkè òkun ń wá kiri, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọgbọ́n tuntun ni.

Ẹ̀yin olùwòran, ilé àtijọ́ ní Ifọ̀n àti agbègbè rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé, àti ohun tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ tún irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe kó sínú rẹ̀. Ifọ̀n ni ibùjókòó Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, lójú ọ̀nà tó ti Ọ̀wọ̀ lọ sí Ìbíní. Ní irú ìlú báyìí, ilé tí bàbá fi owó oko kọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ti di ará Àkúrẹ́, Èkó tàbí Àbújá. Ọjọ́ òkú àgbà tàbí ọjọ́ ọdún ni ìdílé ń pàdé. Bí wọ́n bá wá fẹnu kò pé kí wọ́n tún ilé ṣe, ohun méjì ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Èkínní, wọ́n á palẹ̀ àwọn ohun tí wọ́n bá nínú yàrá mọ́: àpótí, ìkòkò, igbá, àga. Wọ́n á kó àwọn kan dà sí ààtàn, wọ́n á sì ta àwọn mìíràn fún ẹni tó ń kiri ra ohun àtijọ́. Èkejì, wọ́n á lọ ra kọ́bọ́ọ̀dù tuntun tí wọ́n fi èérún igi àti àtè lẹ̀ pọ̀. Ìbéèrè tó yẹ kí a bi ara wa ni pé, nínú pàṣípààrọ̀ yìí, ta ló jèrè?

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ó yẹ kí a wo ilé náà fúnra rẹ̀ kí a tó ra ohunkóhun sínú rẹ̀. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ògiri ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ wọ̀nyí, wọ́n wá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ lójú. Ògiri amọ̀ nípọn, ó sì ń jẹ́ kí yàrá tutù lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn ìṣó. Ẹni tó bá kan pẹpẹ mọ́ ọn, tó wá kó ìwé lé e, yóò rí i pé kò ní pẹ́ tí pẹpẹ yóò fi bọ́ pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì tó wà lójú ògiri. Àwọn tó kọ́ ilé náà kò sì ṣe àlàfo ìkẹ́rùsí kankan sínú ògiri. Bákan náà, ilẹ̀ ilé a máa rin ní ìgbà òjò, ikán a sì máa gba ìdí ògiri gòkè. Láti inú èyí ni a ti rí òfin mẹ́ta: ohun ìkẹ́rùsí inú ilé alámọ̀ gbọ́dọ̀ dá dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ẹsẹ̀ náà gbọ́dọ̀ gbé e kúrò nílẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ jìnnà díẹ̀ sí ògiri kí afẹ́fẹ́ lè kọjá. Pákó èérún igi kò lè pa òfin wọ̀nyí mọ́, nítorí pé bí omi bá kàn án, yóò wú, ìṣó kò sì ní dúró lára rẹ̀ mọ́. Àpótí ìrókò tó ti pẹ́ láyé kò ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀.

Àwọn àgbà mọ ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí. Orí àjà, níbi tí èéfín ààrò ti ń dé, ni wọ́n ń kó irúgbìn àgbàdo sí kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Ibi tó tutù nínú ilé ni wọ́n ń gbé àmù omi sí. Wọ́n ń to igbá sínú ara wọn, títí kan èyí tó kéré jù. Àwọn ohun tó níyì jù lọ ni wọ́n sì fi ọwọ́ ọ̀nà ṣe ohun tí wọ́n ń kó wọn sí. Àgéré Ifá, inú rẹ̀ ni babaláwo ń kó ikin sí, ṣùgbọ́n gbẹ́nàgbẹ́nà gbẹ́ ẹ bí ẹni pé wíwò nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Ilé orí, tí wọ́n fi owó ẹyọ bò látòkè délẹ̀, ibi ìpamọ́ ìbọrí ni. Àwọn oníṣẹ́ ọnà Ọ̀wọ̀ fi eyín erin gbẹ́ ọpọ́n onídèérí tí àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ń fi yangàn lónìí. Olówè ará Ìsè-Èkìtì, ẹni tó kú ní 1938, gbẹ́ ọpọ́n onídèérí kan tí obìnrin tó kúnlẹ̀ gbé dání, tí àwọn èèyàn sì ń jó lórí ìdérí rẹ̀. Ìlú Washington ní Amẹ́ríkà ni ọpọ́n náà wà báyìí. Nínú gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí, ọ̀ṣọ́ àti ìkẹ́rùsí kò ya ara wọn. Ẹwà tó wà lára ohun ìpamọ́ ni ó ń sọ bí ohun tó wà nínú rẹ̀ ti ṣe pàtàkì tó.

Nígbà tí òwò òkè òkun dé, àwọn èèyàn wa kò ju ohun tí ọjà bá wọlé nù. Ọtí jíìnì ilẹ̀ Dọ́ọ̀ṣì ń bọ̀ nínú àpótí onígi. Nígbà tí ọtí bá tán, àpótí a di ti aṣọ tàbí ti irinṣẹ́. Agolo kẹrosíìnì ńlá di gárawá tí a fi ń pọnmi. Àgbá tó kó epo pupa lọ sí etí òkun di ohun ìpamọ́ omi òjò. Maṣíìnì ìránṣọ Singer tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ wọlé, ó ní tábìlì tirẹ̀ àti àwọn àpótí kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Àpótí onírin tí ìyàwó gbé wọlé ọkọ dúró sí ìdí ibùsùn títí tí ìyàwó fi di ìyá àgbà.

Ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí owó epo rọ̀bì pọ̀ nílẹ̀ yìí, ọ̀pọ̀ ìdílé kó irú nǹkan báwọ̀nyí sẹ́yìn, wọ́n ra àga onítìmùtìmù àti rédíógírámù. Ní 1986, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀ mú kí iye náírà já wálẹ̀, ohun tuntun sì kọjá agbára ọ̀pọ̀ èèyàn. Láti ìgbà náà ni orúkọ tí a fi ń pe ọmọ tí a bí sí òkè òkun, Tòkunbọ̀, ti di orúkọ ọkọ̀, firíìjì àti àga tí àwọn ẹlòmíràn ti lò rí. Ohun tó yani lẹ́nu níbẹ̀ ni pé ìdílé kan lè ta àpótí àpá tí bàbá àgbà gbẹ́, kí wọ́n fi owó rẹ̀ kún owó kọ́bọ́ọ̀dù àlòkù tí àjèjì kan ti lò sú ní ìlú tí wọn kò mọ̀. Ohun tí wọ́n ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà.

Báwo ni èèyàn ṣe lè yan ohun àlòkù tó dára, ì báà jẹ́ nínú yàrá ẹbí, ní ìsọ̀ káfíńtà, tàbí níbi gbàǹjo? Kí ó kọ́kọ́ wo igi rẹ̀. Ìrókò, àpá àti ọ̀gànwó le, wọ́n sì máa ń pẹ́. Arère fúyẹ́, ó sì rọrùn láti gbẹ́, ṣùgbọ́n kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀. Bí ihò wínníwínní bá wà lára igi, kí ó tẹ́ ìwé funfun sí abẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Bí kò bá sí ìyẹ̀fun igi lórí ìwé náà, ó ṣeé ṣe kí ihò náà jẹ́ ti ọjọ́ pípẹ́. Bí ìyẹ̀fun bá ń dà sílẹ̀, kòkòrò ṣì wà níbẹ̀, kò sì gbọdọ̀ wọlé kí a tó tọ́jú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó fi ìka kan igi náà: èyí tí ikán ti jẹ inú rẹ̀ yóò dún bí páálí. Kí ó wo oríkèé rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi igi há igi ṣeé tú, ó sì ṣeé tò padà. Èyí tí wọ́n kàn fi ìṣó kàn máa ń ya nígbà tí a bá tú u. Ní ìgbẹ̀yìn, kí ó ṣí i, kí ó gbóòórùn inú rẹ̀. Òórùn ọ̀rinrin ṣeé mú kúrò. Òórùn oògùn apakòkòrò kì í sábà lọ.

Bí ohun náà bá dé ilé, kí ó má ṣe sáré kùn ún ní ọ̀dà. Kí ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku inú rẹ̀, kí ó fi aṣọ tó rin díẹ̀ nù ún, kí ó sì ṣí i sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ níbòji. Oòrùn gangan a máa sán igi àtijọ́. Bí a bá ní láti fi oògùn igi bíi Solignum pa kòkòrò, ìta gbangba ni kí a ti ṣe é, ara òde igi nìkan ni kí a fi kàn, kí òórùn rẹ̀ sì lọ tán kí ó tó wọlé. Ohun tí a fẹ́ kó oúnjẹ sí kò gbọdọ̀ fara kan irú oògùn bẹ́ẹ̀ rárá. Kàfúrà díẹ̀ tí a dì sínú aṣọ, tí a sì gbé jìnnà sí ọwọ́ ọmọdé, tó fún àpótí aṣọ. Kí a wá gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé òkúta pẹlẹbẹ, kí a sì máa wo ìdí rẹ̀ lóṣooṣù bóyá ikán ti ń bọ̀.

Ibi tí a óò gbé e sí ló kàn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn tó la àárín ilé àtijọ́ kọjá ni ibi tí a máa ń fi ṣòfò jù. Àpótí gbọọrọ kan ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí a tẹ́ aṣọ òkè àtijọ́ tàbí sẹghosẹn ará Ọ̀wọ̀ lé lórí, di ìjókòó fún àlejò. Inú rẹ̀ sì gba bàtà, agboòrùn àti àtùpà. Nínú yàrá, àpótí onírin ìyá àgbà lè dúró sí ìdí ibùsùn, kí ó máa gba aṣọ ìbora. Tábìlì maṣíìnì tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti kú di tábìlì ìkọ̀wé fún ọmọ ilé ìwé. Àwọn àpótí kéékèèké ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gba báírò àti ìwé. Àpótí rédíógírámù tí kò kọrin mọ́ gba àwo àti ife ní pálọ̀. Nínú ilé ìdáná, kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ tó ní nẹ́ẹ̀tì lójú ṣì wúlò. Kí a ki ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú agolo omi, èèrà kò ní gùn ún. Igbá fínfín tí a so rọ̀ sí ìkọ́ lára igi àjà, kì í ṣe lára ògiri, gba àlùbọ́sà, ó sì tún dùn ún wò.

Ewu méjì wà tí kò yẹ kí a fi ṣeré. Àgbá tàbí kẹ́ẹ̀gì tó ti gbé oògùn oko tàbí kẹ́míkà rí kò gbọdọ̀ gba omi mímu, gàrí tàbí epo, bó ti wù kí a fọ̀ ọ́ tó. Èkejì ni firíìjì òkú àti àpótí ńlá tó ń fúnra rẹ̀ tì pa. Ọmọdé tó bá wọ inú rẹ̀ ṣeré lè kú kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ní Amẹ́ríkà, irú ikú báyìí ló mú kí ìjọba ṣe òfin ní 1956 pé ilẹ̀kùn firíìjì tuntun gbọ́dọ̀ ṣeé ṣí láti inú. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fi firíìjì òkú pamọ́ ẹrù, kí ó kọ́kọ́ yọ ilẹ̀kùn rẹ̀ kúrò, kí ó fi aṣọ títa rọ́pò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òfin tún wà níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ohun àtijọ́ ni èèyàn lè rà fi ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́. Lábẹ́ Òfin 77 ti ọdún 1979, iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918, tàbí èyí tó ní ìtumọ̀ nínú ìtàn tàbí iṣẹ́ ọnà, tí wọ́n sì ti lò fún ètùtù tàbí ayẹyẹ ìbílẹ̀ rí, wà lára ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Aṣojú tí ìjọba fọwọ́ sí nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti rà á, kò sì gbọdọ̀ kúrò ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ. Ìdílé tó bá rí àgéré, ilé orí tàbí ilẹ̀kùn gbígbẹ́ nínú àkòdì wọn, kí wọ́n má ṣe fún alárìnkiri. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wà ní Ọ̀wọ̀ láti 1968, tí wọ́n dá sílẹ̀ láti tọ́jú àwọn ohun tó wà láàfin Ọlọ́wọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ kò ní jìnnà kí ẹ tó rí ẹni tí yóò là yín lọ́yẹ̀.

Ìbíní tí ojú ọ̀nà Ifọ̀n kọjú sí jẹ́ ẹ̀kọ́ fún wa. Ní 1897 ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ìṣúra ààfin ibẹ̀ lọ. Oṣù Kejìlá 2022 ni Jámánì tó dá ogún lára rẹ̀ padà fún Nàìjíríà, lẹ́yìn ọdún márùndínláàádóje. Èyí tí wọ́n fi ogun kó, a lè bèèrè pé kí wọ́n dá a padà. Èyí tí ọmọ onílé fi ọwọ́ ara rẹ̀ tà ní ẹgbẹ̀rún náírà mélòó kan, ta ni yóò bá a bèèrè?

Àwọn kan yóò sọ pé òṣì ni kí èèyàn máa lo ohun àlòkù, pàápàá bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin dín irú àga àti kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n lè kàn kù láti 1942, nítorí pé igi wọ́n. Ní 1943 wọ́n sì tẹ ìwé tó kọ́ àwọn ará ìlú bí a ti í tún aṣọ àtijọ́ ṣe. Ní Japan, ilé wọn kò fẹ̀, nítorí náà àwọn káfíńtà wọn àtijọ́ sọ àtẹ̀gùn ilé di àpótí: lábẹ́ ìtẹ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ibi ìkẹ́rùsí wà. Lónìí, olówó ló ń wá àtẹ̀gùn bẹ́ẹ̀ kiri. Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Ẹnikẹ́ni tó lówó lè ra ohun tuntun. Ọwọ́ tó ti dán eteetí àpótí fún ọgọ́ta ọdún kò sí lọ́jà.

Síbẹ̀, kí ìfẹ́ ohun àtijọ́ má ṣe sọ ilé di àká. Ohun tí a ń kó pamọ́ gbọ́dọ̀ ní ìdí, ohun tí a ń kó o sí náà gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Bí àpótí mẹ́wàá bá wà nínú yàrá, tí kò sí ibi tí èèyàn yóò gbé ẹsẹ̀ sí, kì í ṣe ọ̀ṣọ́ mọ́. Eku àti aáyán ló jèrè. Ìlànà tó dára ni pé kí ohun tuntun kan má wọlé láìjẹ́ pé a ti mọ ohun tí yóò gbà sínú àti ibi tí yóò dúró sí.

Ní tàwọn olùkọ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ìwé gíga, iṣẹ́ wà níbí tí kò ná owó. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan lọ sí ilé ẹbí rẹ̀ ní àkókò ìsinmi, kí ó kọ orúkọ ohun ìkẹ́rùsí kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní èdè àdúgbò rẹ̀: irú igi rẹ̀, ẹni tó ṣe é, ẹni tó gbé e wọlé, ohun tó wà nínú rẹ̀ rí àti ohun tó wà nínú rẹ̀ báyìí. Kí ó ya àwòrán rẹ̀. Kí ó bi àwọn àgbà léèrè nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé, nítorí pé orúkọ ẹni tó gbẹ́ àpótí kì í sábà wà lára àpótí. Nígbà tí ìdílé bá tún pàdé láti sọ̀rọ̀ nípa àtúnṣe ilé, kí a ka àkọsílẹ̀ náà sí wọn létí kí ẹnikẹ́ni tó gbé ohunkóhun lọ sí ààtàn.